Wọ́n gbé ìwé wá síbi bẹ́ẹ̀dì: ṣé àsìkò tó yẹ ká gba lọ́yà ti tó?

Ìbéèrè tí àǹtí kan fi ránṣẹ́ rèé, mo gé e kúrú díẹ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bọ̀dá Lọ́yà. Àbúrò mi ọkùnrin, télọ̀ ni, típà oníyanrìn ló kọlu kẹ̀kẹ́ Màrúwá tó wọ̀ lẹ́yìn ní Ìkòròdù níbí, ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì. Egungun ojúgun ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ̀ dá, wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n fi irin sí i. Lánàá ni mánéjà kọ́ńpìnnì tó ni típà wá síbi bẹ́ẹ̀dì ẹ̀, ó gbé ₦250,000 wá pẹ̀lú ìwé kan tó ní ká tọwọ́ bọ̀. Ọlọ́pàá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ náà ní ká gbà á ká lọ sinmi. Ọkùnrin kan tún wá sí wọ́ọ̀dù, ó lóun jẹ́ lọ́yà, òun á bá wa gba mílíọ̀nù. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà wá ní a kì í ti kọ́ọ̀tù dé ṣọ̀rẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo gan-an ló yẹ kéèyàn gba lọ́yà, àbí ọ̀rọ̀ yìí ò tó ohun tí à ń gba lọ́yà sí?"

Ẹ kú ìtọ́jú o, àǹtí mi. Ọlọ́run á bá wa wo àbúrò wa sàn. Kí n tó dáhùn ìbéèrè gan-an, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ò ṣe é dúró: ẹ má tọwọ́ bọ ìwé yẹn o. Ẹ má tọwọ́ bọ̀ ọ́ lónìí, ẹ má tọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́la, àbúrò yín náà ò gbọdọ̀ tẹ̀ka sí i, pàápàá lórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ti ń fún un lábẹ́rẹ́ tó ń mú oorun wá. Ìwé tó bá bá owó wọlé, ìwé yẹn ni wọ́n ń fowó rà, kì í ṣe ẹsẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú.

Mi ò rí ìwé tiyín ṣùgbọ́n mo mọ irú ẹ̀ dáadáa. Kì í gùn. Orúkọ kọ́ńpìnnì á wà lókè, ìlà mẹ́rin márùn-ún á tẹ̀ lé e pé èmi lágbájá gba iye báyìí, ibi tí oró ẹ̀ wà ni ibi tí wọ́n máa ń kọ "full and final settlement" sí, ìyẹn pé owó yìí ti parí gbogbo ọ̀rọ̀ pátápátá, wọ́n á wá fi ìlà kan sábẹ́ ẹ̀ pé mi ò ní bá kọ́ńpìnnì, dírẹ́bà tàbí ìnṣọ́ránsì wọn ṣẹjọ́ mọ́ láéláé. Téèyàn bá ti tọwọ́ bọ irú ẹ̀, tó wá di oṣù mẹ́fà, tí dókítà ní egungun ò so dáadáa, a ó tún un ṣe, ẹ̀yin lẹ máa dá owó iṣẹ́ abẹ yẹn san nìyẹn. Kì í ṣe pé lọ́yà ò ní rí nǹkan kan sọ o, ó lè sọ fún kọ́ọ̀tù pé ara ń ro ó nígbà yẹn, kò mọ nǹkan tó ń tọwọ́ bọ̀, ẹnikẹ́ni ò ka ìwé náà fún un, ṣùgbọ́n ẹjọ́ kan ti di méjì nìyẹn, ẹ máa kọ́kọ́ jà láti wọ́gi lé ìwé kẹ́ ẹ tó wá jà lórí ẹsẹ̀.

Ṣé kẹ́ ẹ wá dá owó náà padà ni? Rárá o, mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ásìpítù ń béèrè owó lójoojúmọ́, ẹ̀yin náà ò sì gbin igi owó sẹ́yìnkùlé. Ohun tẹ́ ẹ máa sọ fún mánéjà ni pé ẹ dúpẹ́, kó lọ san án sí káńtà ásìpítù lórúkọ aláìsàn, kí wọ́n já rìsíìtì. Tó bá ní ọwọ́ yín lòun fẹ́ fún un sí, ẹ mú bébà tiyín, ẹ kọ ọ́ sí i lédè tó yé yín, Yorùbá náà dáa, pé "A gba ₦250,000 lọ́wọ́ kọ́ńpìnnì báyìí lónìí, ọjọ́ báyìí, fún owó ìtọ́jú. Ọ̀rọ̀ ò tíì parí." Kí òun náà tọwọ́ bọ̀ ọ́. Tó bá kọ̀, ẹ ti mọ ohun tí owó náà wà fún.

Ó yá, ìbéèrè yín. Ìgbà wo ló yẹ kéèyàn gba lọ́yà?

Mo máa bá yín sòótọ́ bó tiẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni: kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá fara pa ló nílò lọ́yà. Tó bá jẹ́ pé ọ̀kadà ló gbá èèyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́, awọ ẹsẹ̀ bó, wọ́n wẹ egbò, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ọlọ́kadà san owó kẹ́míìsì ó tún bẹ̀bẹ̀, kí lèèyàn fẹ́ fi lọ́yà ṣe níbẹ̀? Owó tẹ́ ẹ máa san fún lọ́yà á ju owó tẹ́ ẹ máa gbà lọ. Ẹ gba owó yín, ẹ kí ara yín, ẹ máa lọ.

Àmọ́ nǹkan méjì kan wà tí mo máa ń wò, tí ọ̀kankan nínú wọn bá ti wà ńlẹ̀, mo máa ń sọ fún èèyàn pé kó lọ rí lọ́yà, kódà bó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Àkọ́kọ́ ni tí kò bá tíì sẹ́ni tó lè sọ ibi tí ìpalára náà máa parí sí. Ìkejì ni tí ẹni tó wà níwájú yín bá ní ẹni tó ń bá a ronú, ì báà jẹ́ kọ́ńpìnnì, ìnṣọ́ránsì tàbí ìjọba. Ọ̀rọ̀ tiyín ní méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ẹsẹ̀ yẹn. Ojúgun tó dá, tí wọ́n firin sí, kì í ṣe nǹkan ọ̀sẹ̀ méjì. Oṣù ló ń gbà kó tó so, irin yẹn lè ní àsìkò tí wọ́n máa yọ ọ́, iṣẹ́ abẹ mìíràn nìyẹn, owó mìíràn. Físíò wà ńbẹ̀. Orúnkún lè gan. Ẹ wá rántí pé télọ̀ ni, ẹsẹ̀ ọ̀tún yẹn ló fi ń tẹ pẹ́dà máṣínnì. Akọ̀wé báńkì tó ṣẹ́ ojúgun lè padà sídìí tábìlì kẹ́sẹ̀ ẹ̀ tó san tán, télọ̀ ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo ọjọ́ tí kò bá lè tẹ pẹ́dà, ọjọ́ yẹn ò sówó nìyẹn, ṣọ́ọ̀bù ṣì ń jẹ réǹtì, àwọn oníbàárà ti ń gbé áńkárá wọn lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì, bó bá sì wọ Iléyá tàbí Kérésìmesì bá a lórí bẹ́ẹ̀dì ńkọ́, owó tí télọ̀ ń rí lásìkò ọdún kọ́ ló ń rí nínú oṣù lásán. Gbogbo ìyẹn ló wà nínú ohun tí òfin ní kéèyàn lè béèrè: owó tẹ́ ẹ ti ná, owó tẹ́ ẹ ṣì máa ná, owó iṣẹ́ tó ń lọ, àti ìrora fúnra ẹ̀. Ta ló wá ṣírò ₦250,000? Kọ́ńpìnnì ni. Kí ni wọ́n fi ṣírò ẹ̀? Wọ́n kàn wò ó pé iye yìí lè pa yín lẹ́nu mọ́ ni.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fara mọ́ ọn kéèyàn parí ọ̀rọ̀ ìpalára ńlá láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀, pẹ̀lú lọ́yà tàbí láìsí lọ́yà. Kódà tí lọ́yà bá ní ká tètè gbà á kó tó di pé dókítà sọ̀rọ̀, ẹ bi í pé kí ló ń lé e.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ ìtàn àwọn ará wa tó wà ní Houston tàbí New Jersey, tí lọ́yà ń gbé bọ́ọ̀dù ńlá síta pé "ṣé mọ́tò gbá ọ, pè mí", ẹ mọ̀ pé tiwa ò rí bẹ́ẹ̀ o. Òfin tó ń darí lọ́yà ní Nàìjíríà ò gbà wá láyè láti máa wá aláìsàn kiri wọ́ọ̀dù nítorí ẹjọ́ ìfarapa. Nítorí náà ọkùnrin tó wá bá yín yẹn, nínú méjì á jẹ́ ọ̀kan: kì í ṣe lọ́yà rárá, ẹnì kan láti ásìpítù tàbí tẹ́ṣàn ló fi nọ́ńbà yín ránṣẹ́ sí i, tàbí kó jẹ́ lọ́yà tó ti ń rú òfin iṣẹ́ ẹ̀ kó tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín. Èyí tó wù kó jẹ́, mi ò ní gbé ẹsẹ̀ àbúrò mi lé e lọ́wọ́. Ẹni tó ṣèlérí mílíọ̀nù kó tó rí x-ray, kó tó mọ̀ bóyá típà náà ní ìnṣọ́ránsì, irọ́ ló ń pa, ó dá mi lójú. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá èèyàn jẹ́ lọ́yà lóòótọ́, ẹ gba orúkọ ẹ̀ ní kíkún àti nọ́ńbà tó ní ní Supreme Court, gbogbo wa la ní in, ẹ wá mú un lọ bi ẹgbẹ́ àwa lọ́yà, NBA, wọ́n ní ẹ̀ka ní Ìkòròdù níbẹ̀. Lọ́yà gidi ò ní bínú tẹ́ ẹ bá béèrè.

Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá. Ó ní kẹ́ ẹ gbà á, kẹ́ ẹ lọ sinmi. Mi ò mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀, mi ò sì ní fẹ̀sùn kàn án, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó wádìí bóyá dírẹ́bà wa ìwàkuwà, kó gbé e lọ sí kọ́ọ̀tù tó bá rí i bẹ́ẹ̀. Ẹjọ́ ìyẹn láàrin ìjọba àti dírẹ́bà ni. Owó tí wọ́n máa san fún ẹsẹ̀ tó dá, láàrin ẹ̀yin àti kọ́ńpìnnì nìyẹn, ọlọ́pàá ò láṣẹ láti bu iye lé e, kò sì lè fipá mú yín gba iye kankan. Nǹkan tẹ́ ẹ nílò lọ́dọ̀ ẹ̀ yàtọ̀: ẹ nílò rípọ́ọ̀tù ìjàǹbá náà, àwòrán ilẹ̀ tó yà níbi tó ti ṣẹlẹ̀, ẹ̀dà ọ̀rọ̀ tí dírẹ́bà kọ sílẹ̀, àti rípọ́ọ̀tù VIO tó yẹ típà wò, nítorí tí búrẹ́kì bá ti kú tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí dírẹ́bà nìkan nìyẹn, ó ti kan ẹni tó ní kó máa gbé e jáde. Tí wọ́n bá ti jọ̀wọ́ típà náà sílẹ̀ kí VIO tó wò ó, ẹ ò ní rí ìyẹn mọ́ láéláé. Èyí gan-an wà lára ìdí tí lẹ́tà lọ́yà fi wúlò láàárọ̀ ọjọ́, torí tẹ́ ẹ bá fẹnu béèrè wọ́n lè ní ẹ padà wá lọ́la, bí lọ́yà bá kọ ọ́ sí DPO, ọ̀gá tẹ́ṣàn, lórí bébà tí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ gbígbà lé ẹ̀dà ẹ̀, ó ti wọ fáìlì nìyẹn.

Àwọn nǹkan kan wà tí kò nílò lọ́yà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ wọn, kí wọ́n tó sọnù. Ẹ wá dírẹ́bà kẹ̀kẹ́ yẹn, ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀. Ẹ padà lọ síbẹ̀, kì í ṣe lọ́sàn-án gangan o, lásìkò kan náà tó ṣẹlẹ̀, torí àwọn tó ń tajà níbẹ̀ láàárọ̀ kọ́ ló ń wà ńbẹ̀ lálẹ́. Ìyá oníróbó, agbẹ́rò tó ń kó èrò, ẹni tó gbé e sínú mọ́tò lọ sí ásìpítù, orúkọ àti nọ́ńbà wọn ni kẹ́ ẹ kọ. Tí ilé epo bá wà nítòsí tó ní kámẹ́rà, ẹ tètè lọ bẹ mánéjà wọn, kì í pẹ́ tí fídíò yẹn fi ń pa ara ẹ̀ rẹ́. Nọ́ńbà típà, orúkọ tó wà lára ilẹ̀kùn ẹ̀, ẹ yà á ní fọ́tò tó bá ṣì wà ní tẹ́ṣàn. Ẹ má fọ aṣọ tó wọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ẹ má sì sọ ọ́ nù, ẹ gbé e sínú lailọ́ọ̀nù.

Rìsíìtì. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ rìsíìtì ti sú gbogbo ayé ṣùgbọ́n owó tí èèyàn ti ná, kọ́ọ̀tù ò ní fún un padà lórí "a ná bíi ₦600,000", náírà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa ní kẹ́ ẹ fi hàn. Rìsíìtì POS yẹn, ìnkì ẹ̀ máa ń ṣí kúrò, ẹ yà á ní fọ́tò lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá gbà á. Owó mọ́tò tẹ́ ẹ fi ń lọ ásìpítù, oúnjẹ tẹ́ ẹ ń rà, ẹ ní ìwé kékeré kan kẹ́ ẹ máa kọ ọ́ sí. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù gan-an ni ọ̀dọ̀ tẹ́gungun, ìyẹn àwọn tó ń to egungun nílànà ìbílẹ̀. Mi ò bá tẹ́gungun jà o, ẹbí mi náà ti lò ó, ṣùgbọ́n tí aláìsàn bá fi ásìpítù sílẹ̀ ní ìdajì lọ sọ́dọ̀ tẹ́gungun tí ò já rìsíìtì, tí ò ní x-ray, lọ́yà kọ́ńpìnnì á dìde ní kọ́ọ̀tù, á ní dókítà tiwọn ń tọ́jú ẹ̀ dáadáa, òun fúnra ẹ̀ ló lọ ba ẹsẹ̀ ara ẹ̀ jẹ́, bó bá ń yarọ lónìí kí ló kan típà wa. Tí àwọn àgbà ilé bá ń sọ ọ́, ẹ kọ́kọ́ bi dókítà, kẹ́ ẹ sì gba rípọ́ọ̀tù ásìpítù kẹ́ ẹ tó gbé ẹsẹ̀ kan.

Owó iṣẹ́ ńkọ́, télọ̀ ò ní payslip? Ó ní nǹkan tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìwé tó fi ń kọ ìwọ̀n. Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ lónìí, ẹ mú ìwé yẹn wálé kí ọmọ iṣẹ́ má fi dáná. Orúkọ oníbàárà wà ńbẹ̀, àyà, ìdí, gígùn apá, iye tí wọ́n dá, iye tó kù, ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbà á. Tẹ́ ẹ bá so ìyẹn pọ̀ mọ́ àléètì báńkì ẹ̀ ti bí ọdún kan sẹ́yìn, rìsíìtì réǹtì ṣọ́ọ̀bù, àti káàdì ẹgbẹ́ télọ̀ tó bá ní, owó tó ń wọlé fún un lóṣooṣù ti hàn kedere, ẹnikẹ́ni ò lè sọ pé ńṣe lẹ kàn dá iye kan sọ.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ọ̀rọ̀ àsìkò, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń kú sí. Ní Èkó, ẹjọ́ ìfarapa bí èyí, ọdún 3 ni òfin fún yín láti gbé e lọ sí kọ́ọ̀tù, láti ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀. Ìpínlẹ̀ mìíràn ní tiwọn, kí ẹni tó wà ní Ògùn tàbí Ọ̀yọ́ má fi ti Èkó ṣe ìwọ̀n. Ọdún 3 dà bí ẹni pé ó pọ̀, ṣùgbọ́n kọ́ńpìnnì mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ tán: ẹ padà wá lóṣù tó ń bọ̀, ọ̀gá wa rìnrìn àjò, a ti fi ìwé ránṣẹ́ sí ìnṣọ́ránsì, àjọsọ àjọsọ títí ọjọ́ á fi kọjá. Kí wọ́n máa bá yín dúnàádúrà ò dá aago dúró. Èyí tó tún burú jù ni tí mọ́tò bá jẹ́ tìjọba, torí òfin kan wà tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba lẹ́nu iṣẹ́ wọn, oṣù 3 péré ló fún èèyàn. Oṣù 3! Ẹlòmíì ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì nígbà yẹn. Àwọn iléeṣẹ́ ìjọba míì sì wà tó jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ kọ ìwé ìkìlọ̀ sí wọn, kẹ́ ẹ dúró kí ọjọ́ kan pé, kẹ́ ẹ tó lè pè wọ́n lẹ́jọ́. Nítorí náà ẹ rí i dájú pé kọ́ńpìnnì aládàáni ló ni típà yẹn lóòótọ́, kì í ṣe pé ìjọba ìbílẹ̀ ló gbà á sílò. Tó bá jẹ́ tìjọba, ìdáhùn mi sí "ìgbà wo" ti yí padà: ọ̀sẹ̀ yìí ni.

Ẹ̀yin tẹ́ni yín bá ti inú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kú, Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún un, ẹ má dá a ṣe o, lọ́kọ láya, ọmọ àti òbí olóògbé lẹ́tọ̀ọ́ sí nǹkan, òfin ẹ̀ sì yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni tó bá jẹ́ ọmọdé ló fara pa.

Ìnṣọ́ránsì wá. Òfin ti pẹ́ tó ti sọ ọ́ di dandan kí gbogbo mọ́tò tó ń rin ojú pópó ní ìnṣọ́ránsì third party, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń rà nítorí ọlọ́pàá nìkan. Láti ọdún 2023 ni ti mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ ti kúrò ní ₦5,000 tó di ₦15,000. Èèyàn bí àbúrò yín gan-an ni wọ́n tìtorí ẹ̀ ṣe é, ẹni tí ò mọwọ́ mẹsẹ̀ tí mọ́tò ẹlòmíì ṣe léṣe. Ibi tí wọ́n fi òdiwọ̀n sí ni dúkìá tó bàjẹ́, ìfarapa àti ikú ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ fi nọ́ńbà típà náà wò ó lórí askNIID, ìkànnì tí wọ́n ti ń yẹ ìnṣọ́ránsì mọ́tò wò, ó máa sọ bóyá ìnṣọ́ránsì ẹ̀ jẹ́ gidi. Tó bá jẹ́ gidi, mánéjà tó ń gbé ₦250,000 kiri yẹn lè má tiẹ̀ tíì sọ fún ìnṣọ́ránsì pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Lẹ́tà tí lọ́yà máa kọ sí ìnṣọ́ránsì ní ọ̀nà àti àsìkò tiẹ̀, torí bí ẹ bá gba ìdájọ́ lórí kọ́ńpìnnì láì kìlọ̀ fún ìnṣọ́ránsì bó ṣe yẹ, wọ́n lè ní àwọn ò mọ̀ yín rí. Ẹ má dá ìyẹn kọ.

Kí ni kọ́ńpìnnì máa sọ? Mo lè sọ fún yín láti ibi tí mo jókòó sí. Wọ́n á ní kẹ̀kẹ́ ló já wọ iwájú típà. Wọ́n á ní ibi tí dírẹ́bà ń lọ yẹn, àwọn ò rán an níbẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ ò kàn yín tó bẹ́ẹ̀, torí èrò ni àbúrò yín, kò wa kẹ̀kẹ́, kò wa típà, ì báà jẹ́ kẹ̀kẹ́ ló ṣe é, ì báà jẹ́ àwọn méjèèjì, lọ́yà tó gbọ́n á pe gbogbo wọn lẹ́jọ́ pa pọ̀ kí wọ́n máa ti ẹ̀bi síra wọn lójú adájọ́. Èyí kejì ló nílò iṣẹ́. Ọ̀gá ló ń ru ẹrù ohun tí ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ bá bàjẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n á fẹ́ fi hàn pé kò sí lẹ́nu iṣẹ́. Yanrìn tó wà lẹ́yìn típà lọ́jọ́ náà, ìwé tí wọ́n fi gbé yanrìn jáde níbi tí wọ́n ti ń kó o, ìyẹn ló máa dá wọn lóhùn. Ẹ ti rí i pé fọ́tò típà náà pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn ẹ̀ kì í ṣe nǹkan kékeré.

Owó lọ́yà ló ń dẹ́rù ba èèyàn jù, mo mọ̀. Ẹ gbọ́, gbígba lọ́yà ò túmọ̀ sí pé kẹ́ ẹ gbé gbogbo ẹjọ́ fún un lọ́jọ́ kan náà. Ẹ lè san owó ìmọ̀ràn ti wákàtí kan kó ka ìwé yẹn fún yín. Ẹ lè san owó lẹ́tà nìkan. Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ibi tó yẹ kó mọ náà nìyẹn títí dókítà á fi sọ ibi tí ẹsẹ̀ dé. Tó bá wá di ẹjọ́, òfin iṣẹ́ wa gbà kí lọ́yà àti oníbàárà ṣàdéhùn pé inú owó tó bá jáde ni lọ́yà ti máa mú tiẹ̀, tí kò bá jáde, kò rí nǹkan gbà. Àmọ́ owó fáìlì ní kọ́ọ̀tù àti owó rípọ́ọ̀tù dókítà ṣì jẹ́ tiyín, lọ́yà lè yá yín, ẹ máa dá a padà ni. Ẹ rí i pé ó wà lórí bébà. Ẹ sì béèrè ohun kan tí àwọn èèyàn kì í béèrè: ṣé kí ẹ tó yọ gbèsè ásìpítù ni ìpín ẹ̀ máa jáde ni, àbí lẹ́yìn ẹ̀? Ká ní ₦4,000,000 ló jáde, gbèsè ásìpítù jẹ́ ₦800,000, lọ́yà ní ìdá kan nínú mẹ́rin lòun máa mú. Tó bá mú un lórí gbogbo ẹ̀, ₦1,000,000 ni. Tó bá jẹ́ lórí ohun tó kù, ₦800,000 ni. ₦200,000 ló wà láàrin méjèèjì, réǹtì ṣọ́ọ̀bù lè wà nínú ẹ̀.

Tí ò bá sówó rárá, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní Office of the Public Defender, àwọn lọ́yà ìjọba fún ẹni tí ò lówó, láti ọdún 2000, ọ̀fẹ́ ni wọ́n, wọn kì í gba kọ́bọ̀. Legal Aid Council ti ìjọba àpapọ̀ náà wà, ẹjọ́ ìjàǹbá wà lára ohun tí wọ́n ń gbà, àmọ́ ẹni tí owó tó ń wọlé fún un ò bá ju owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba là kalẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún, ₦70,000 nìyẹn láti 2024. Télọ̀ tí ò lè tẹ pẹ́dà mọ́, owó wo ló ń wọlé fún un? Ẹ lọ sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀. Èrò máa ń pọ̀ lọ́dọ̀ wọn o, ẹ mú sùúrù dání, ẹ sì tètè débẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n yín àgbà ò ṣìnà pátápátá. A kì í ti kọ́ọ̀tù dé ṣọ̀rẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ni ọ̀rẹ́ yín níbẹ̀? Ẹ ò bá kọ́ńpìnnì típà jẹ mọ́lẹ́bí, ẹ ò sì jọ ń gbé ilé kan. Ohun tí mo máa gbà nínú ọ̀rọ̀ wọn ni pé ẹjọ́ ń pẹ́, ó ń pẹ́ gan-an, ó lè gba ọdún, adájọ́ lè gba ìgbéga ká tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Èmi náà kì í sáré lọ sí kọ́ọ̀tù. Nínú irú ẹ̀ tó ń kọjá lọ́wọ́ mi, èyí tó pọ̀ jù ló ń parí sórí lẹ́tà, tàbí lórí tábìlì níwájú alárinà. Èkó ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìyẹn, Lagos Multi-Door Courthouse, láti ọdún 2002, Citizens' Mediation Centre náà wà tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ ṣe àlàyé yìí fún wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kẹ́ ẹ sì mú wọn dání lọ sọ́dọ̀ lọ́yà, àgbà tó bá ti jókòó síbẹ̀ tó gbọ́ ọ fúnra ẹ̀ kì í sábà dojú ẹ̀ rú mọ́.

Kí n fi èyí kún un fún àwọn tó fara pa níbi iṣẹ́, torí àwọn náà máa ka èyí: tiyín yàtọ̀, ẹ lè má nílò lọ́yà ní ìbẹ̀rẹ̀. Òfin ọdún 2010 ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ ẹ̀ sí NSITF, àjọ ìjọba tó ń san owó fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa, fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ fi tó ọ̀gá yín létí láàrin ọjọ́ 14, lórí bébà, òun náà ní ọjọ́ 7 láti fi tó NSITF létí, ẹ sì ní ọdún kan láti béèrè owó. Ìgbà tí ọ̀gá bá kọ̀ láti kọ ìwé, tàbí tó ní ẹ kì í ṣe òṣìṣẹ́ òun, kọ́ńtíráàtì lẹ wà, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ wá lọ́yà.

Àǹtí mi, tẹ́ ẹ bá ń lọ rí lọ́yà lọ́sẹ̀ yìí, ẹ mú ìwé mánéjà yẹn dání bó ṣe wà láì tọwọ́ bọ̀ ọ́, fíìmù x-ray, gbogbo rìsíìtì, ìwé ìwọ̀n ṣọ́ọ̀bù, fọ́tò típà, àti nọ́ńbà àwọn tó rí i. Fọ́tòkọ́pì ni kẹ́ ẹ fún un o, kí orígínà wà lọ́wọ́ yín nílé, ẹ sì jẹ́ kó tọwọ́ bọ ìwé pé òun gba ẹ̀dà wọn.